Àpáàdì Kan Láàárín Ìlà

Ọjọ́ kejì tí a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ yàrá fún ìyá Àdùnbárìn,
lẹ́yìn Ìlódè, níbi tí ilẹ̀ ti ń gun òkè,
ṣọ́bìrì Jímọ̀ ké ṣán-án.
Ó ní òkúta ni. Mo ní rárá,
òkúta kì í dún bí eyín tó ń jẹ eyín.
Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ gbá erùpẹ̀ kúrò.

Àpáàdì ni.
Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ gún wọn wọlẹ̀ ṣinṣin,
ìlà kan ń wo ọ̀tún, ìkejì ń wo òsì,
bí egungun ẹja tí ológbò ti lá mọ́.
Òkúta funfun wẹ́wẹ́ wà láàárín,
ó tò bí wóró àgbàdo lára ṣùkù.

Èmi tí ẹ ń wò yìí, táìsì ni mo ń tẹ́ jẹun.
Ọdún mẹ́tàlélógún lórí orúnkún;
orúnkún mi dúdú ju ìdí ìkòkò lọ.
Mo mọ okùn tí à ń ta láti igun dé igun,
mo mọ irọ́ tí ojú ń pa nígbà tí oòrùn bá yẹ̀.
Mo fọwọ́ tọ ìlà náà lọ, kò wọ́.
Kò sí sìmẹ́ǹtì, kò sí gọ́ọ̀mù, amọ̀ lásán.
Ta ló kọ́ ọ?
Ìgbájú ni baba mi fi kọ́ èmi.

Ìlà kẹsàn-án ni mo ti rí i:
àpáàdì kan ṣoṣo.
Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wo òsì, òun ń wo ọ̀tún.
Mo rẹ́rìn-ín. Jímọ̀ ní kí ló dé.
Kí ni kí n sọ? Pé mo mọ obìnrin yẹn?

Nítorí obìnrin ni, lójú tèmi.
Ọnàfọwọ́kàn ni mo sọ ọ́.
Mo rí i tó kúnlẹ̀ bí mo ṣe kúnlẹ̀,
apẹ̀rẹ̀ ìfọ́kúfọ̀ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:
ìṣasùn tí ìyàwó kan jù mọ́lẹ̀ nínú ìbínú,
orù tí ọmọdé fọ́ lọ́nà odò tó fi sunkún délé,
ìkòkò àgbo òkú tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ jogún.
Ohun tí ìlú bá ti fọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ̀.
Lókè ọ̀hún, àwọn ọkùnrin ń yọ́ idẹ,
wọ́n ń fi ìda mọ ètè ọba, ìpéǹpéjú ọba;
èéfín wọn ń gba orí rẹ̀ kọjá.
Iṣẹ́ tiwọn, a ó gbé e ga, a ó dọ̀bálẹ̀ fún un.
Iṣẹ́ tirẹ̀, ẹsẹ̀ la ó fi tẹ̀ ẹ́,
ẹsẹ̀ ẹlẹ́ran, ẹsẹ̀ àlejò, ẹsẹ̀ òjò.

Lẹ́yìn náà ẹnìkan pè é. Àbí ọmọ ké.
Àbí ìròyìn kan gun òkè wá,
irú èyí tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ ohun tó mú.
Ó ti àpáàdì náà bọlẹ̀, ó dìde.
Bóyá ó padà, ó rí i, ó ní: máa wà níbẹ̀.

Ìyá Àdùnbárìn jáde, fóònù létí.
Ó ní bí ìjọba bá gbọ́, ilẹ̀ òun lọ nìyẹn,
kí n da kọnkéré lé e kílẹ̀ tó ṣú.
Mo ti fi ìdajì owó náà san owó ilé-ìwé.
Ẹ má bi mí.
Wọ́n ní àpáàdì ló tó ko iná lójú;
ta ló tó ko gbèsè lójú?

Mo ya àpò sìmẹ́ǹtì méje,
mo tẹ́ wọn bò ó, mo fi ọ̀rá lé e,
bí ẹni da aṣọ bo ẹni tó sùn,
kí ṣọ́bìrì ẹni tó ń bọ̀ lè mọ ibi tí yóò dúró.
Jímọ̀ ní mò ń fi ọ̀rá ṣòfò.
A da kọnkéré.

Lálẹ́, mo bu omi sára nínú balùwẹ̀ mi,
mo wo táìsì tí mo fọwọ́ ara mi tẹ́:
ó gún régé láti ilẹ̀kùn dé ògiri.
Mo wá a títí, mo gbé fìtílà sún mọ́ ọn.
Kò sí ibì kankan níbẹ̀
tí ẹnìkan ti pè mí.